Ilé Là Á Wò: Ipá Líle, Kúáàkì àti Èdè Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí àṣà ìsọmọlórúkọ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí olùkọ́ físíìsì ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbé iṣẹ́ kan wá bá mi, n kò lè pa á mọ́ kí n má rántí prótọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ náà kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Ó kọ àlàyé ṣókí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ipá tí ó so inú átọ́ọ̀mù pọ̀, fún àwọn ọmọ SS2, ó sì ní kí n bá òun sọ ọ́ di Yorùbá fún ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wa yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí. Ó ní, "Bàbá Yorùbá, bí ẹ bá lè túmọ̀ èyí, a jẹ́ pé kò sí ohun tí èdè wa kò lè sọ." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ dán mi wò ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ̀yin olùkà mi má baà rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nílẹ̀ gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin kan tí ó mọ̀wé dáadáa, ti sọ fún mi rí pé Yorùbá dùn fún oríkì àti àlọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ ronú lórí bí a ṣe dá ayé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ronú. Kò fi ṣe àfojúdi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́, kò tíì sí olùkọ́ kan tí ó fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ a ti gbìyànjú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìwé èdè ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Prótọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí olùkọ́ físíìsì kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi títí èmi pẹ̀lú yóò fi lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò rí ilé ìwé rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì ń lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ nígbà tí n kò bá ní iṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Manchester. Ní 1911, Ernest Rutherford, ọmọ bíbí ilẹ̀ New Zealand, ṣàlàyé ohun ìyanu kan tí Hans Geiger àti Ernest Marsden ti rí lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún bíi méjì ṣáájú. Wọ́n ń ju àwọn èérún kéékèèké lu abala wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níwájú wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ta padà sẹ́yìn. Rutherford rí i pé gbogbo ìwúwo átọ́ọ̀mù, àfi díẹ̀ bín-ín-tín, kó jọ sí ojú kan ṣoṣo ní àárín. Bí a bá fẹ átọ́ọ̀mù wúrà kan títí tí yóò fi gbòòrò tó pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Liberty, ojú àárín náà kò ní ju kóró àgbàdo kan lọ.

Ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi sọ ojú àárín yìí lórúkọ, ọmọ inú èso ni ó túmọ̀ sí, bí èkùrọ́ ṣe jẹ́ ọmọ inú ẹyìn. N bá pè é ní èkùrọ́, kì bá burú, ṣùgbọ́n èkùrọ́ gba àyè púpọ̀ nínú ẹyìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé inú átọ́ọ̀mù kún. Kókó ni mo yàn. A ní kókó ọ̀rọ̀, a sì ní kókó ara igi tí àáké kì í tètè gé. Ohun tí ó kéré, tí ó le, tí gbogbo ìyókù sì rọ̀ mọ́ ni kókó.

Nínú kókó átọ́ọ̀mù ni prótọ́ọ̀nù wà, pẹ̀lú niútírọ́ọ̀nù tí James Chadwick ṣàwárí ní 1932. Prótọ́ọ̀nù ní iná pọ́sítíìfù lára, niútírọ́ọ̀nù kò ní iná rárá. Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì tí iná wọn bá jọra kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra tó ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn tó. Olùkọ́ físíìsì ṣírò rẹ̀ sójú pátákó. Pín mítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù, kí o mú ìdá kan ṣoṣo níbẹ̀: fẹmitómítà 1 nìyẹn. Bí prótọ́ọ̀nù méjì bá fi ìwọ̀n yìí jìnnà síra, ipá tí wọ́n fi ń ti ara wọn tó nǹkan bíi 230 niútọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lórí ohun tí ojú kò lè rí láéláé! Prótọ́ọ̀nù 79 ni ó sì há sínú kókó átọ́ọ̀mù wúrà kan. Ọmọkùnrin kan ní ìjókòó iwájú na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló wá ń dì wọ́n mú?"

Yorùbá ni ó fi béèrè, nínú kíláàsì físíìsì. Ìbéèrè náà sì pé pérépéré. Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń bi ara wọn ní àwọn ọdún 1930.

Ohun tí ó ń dì wọ́n mú ni ipá mìíràn tí ó ju ti iná lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100 ní ìwọ̀n kúkúrú bẹ́ẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní orúkọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: alágbára ni wọ́n pè é. Mo kọ̀ láti pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa méjì ni ó máa ń dàrú mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú: ipá àti agbára. Bí mo bá fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn tí kò sì ṣí, mo ti lo ipá. Agbára ni ohun tí ó wà nínú mi kí n tó tì í, tí ó wà nínú epo kí a tó dá iná sí i, tí a lè tọ́jú, tí a sì lè ná tán. Orí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo físíìsì dúró lé, a sì ní ọ̀rọ̀ fún un nílé láìyá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá wá sọ pé "ipá alágbára", a ti fi ẹsẹ̀ ara wa da omi náà rú. Ipá líle ni mo kọ.

Ní 1935, Yukawa Hideki, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jàpáánì, dábàá pé prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ń ju ohun kan sí ara wọn láìsinmi, àti pé jíjù-sí-ara-ẹni yìí ni ó so wọ́n pọ̀. Ó tilẹ̀ ṣírò bí ohun náà yóò ti wúwo tó: nǹkan bí ìlọ́po 200 ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọdún 12 kọjá kí wọ́n tó rí i. Ní 1947, Cecil Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú fíìmù pàtàkì tí wọ́n gbé lọ sí orí òkè gíga kí ìtànṣán ojú ọ̀run lè bà á. Páyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Yukawa gba ẹ̀bùn Nobel ní 1949, òun ni ọmọ Jàpáánì àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Powell gba tirẹ̀ ní 1950. César Lattes, ọmọ Bùràsíìlì tí kò tíì pé ẹni ọdún 25, tí ó gbé fíìmù lọ sí orí òkè Chacaltaya ní Bolivia, kò sí nínú àwọn tí wọ́n fún ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níhìn-ín.

Ipá yìí le, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gùn. Ẹ fojú inú wo agbo ńlá nínú ọjà. Igbe ẹnì kan lè dé etí gbogbo ọjà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè dì ju àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú lọ. Iná ni igbe. Ipá líle ni ìdìmú ọwọ́. Bí agbo bá kéré, ìdìmú ọwọ́ borí igbe. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, igbe ń pọ̀ ju ìdìmú lọ, nítorí pé olúkúlùkù ń pariwo lé gbogbo ènìyàn lórí. Nítorí ìdí èyí ni kò fi sí kókó kan tí ó dúró títí láé lẹ́yìn òjé, tí prótọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 82. Yuréníọ̀mù, tí ó ní 92, ń tú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ti mọ ohun tí àwọn ènìyàn fi títú náà ṣe ní 1945, n kò ní tún un sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti kan àwa oní-lítíréṣọ̀.

Lẹ́yìn páyọ́ọ̀nù, àwọn èérún tuntun ń tú jáde bí èéṣú. Kí àwọn ọdún 1950 tó parí, wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà Gíríìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó sọ wọ́n lórúkọ mọ́. Ní 1964, Murray Gell-Mann ní Amẹ́ríkà dábàá pé prótọ́ọ̀nù, niútírọ́ọ̀nù àti gbogbo ẹbí wọn wọ̀nyí kì í ṣe ìpìlẹ̀. Ohun mẹ́ta kéékèèké ni ó para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan prótọ́ọ̀nù. George Zweig, tí ó wà ní CERN nítòsí Geneva nígbà náà, ro ohun kan náà lọ́dún kan náà láìgbọ́ ti Gell-Mann. Zweig fún wọn ní orúkọ láti inú káàdì títa. Gell-Mann, ẹni tí ó fẹ́ràn èdè àti ìtàn ọ̀rọ̀ títí ó fi kú ní 2019, ti ní ìró kan lẹ́nu kí ó tó mọ bí yóò ṣe kọ ọ́. Ó wá bá a pàdé nínú Finnegans Wake, ìwé ìtàn àròsọ tí James Joyce, ọmọ Ireland, tẹ̀ jáde ní 1939. Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òkun ti ń fi ọba kan ṣe yẹ̀yẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà jáde pẹ̀lú iye mẹ́ta. Mẹ́ta ni òun náà sì ń wá. Bí igbe ẹyẹ inú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè kà parí ṣe di orúkọ ohun tí ó wà nínú gbogbo ara wa nìyẹn.

Mo ka ìtàn yìí fún kíláàsì mi ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ni ó jókòó, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó sì mú un. Ọdún kan péré ni ìwé Joyce fi jẹ́ àbúrò Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Bí ó bá jẹ́ pé Fágúnwà ni ó bọ́ sí Gell-Mann lọ́wọ́, ta ni ó mọ̀ bóyá Kàkó ni gbogbo ayé ìbá máa kọ sínú ìwé físíìsì lónìí?

Bí a ó ṣe kọ ọ́ ní Yorùbá tún di àríyànjiyàn. Gell-Mann fúnra rẹ̀ fẹ́ kí a pè é ní "kúọ́ọ̀kì". Ṣùgbọ́n nínú orin àwọn ẹyẹ Joyce, "kúáàkì" ni ó bá orúkọ ọba náà mu. Mo tẹ̀lé Joyce. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ní àbúrò bàbá ní Jámánì sọ fún wa pé ní ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni orúkọ wàrà rírọ̀ kan tí wọ́n ń jẹ. Òótọ́ ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ náà fi ń pe prótọ́ọ̀nù ní oní-wàrà mẹ́ta.

Prótọ́ọ̀nù jẹ́ kúáàkì òkè méjì àti kúáàkì ìsàlẹ̀ kan. Niútírọ́ọ̀nù jẹ́ òkè kan àti ìsàlẹ̀ méjì. Àárín àwọn kúáàkì wọ̀nyí ni ipá líle ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Èyí tí ó so prótọ́ọ̀nù mọ́ niútírọ́ọ̀nù, tí Yukawa rí, kò ju àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ lọ, bí òórùn ọbẹ̀ tí ó kọjá ògiri dé ilé kejì.

Ìwà ipá yìí kò jọ ti èyíkéyìí tí a mọ̀. Bí ohun méjì bá jìnnà síra, ipá iná àárín wọn a máa dínkù. Òòfà ilẹ̀ bákan náà. Ti kúáàkì kì í dínkù. Ẹ wo ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Nígbà tí ó bá wà nítòsí èèkàn, okùn dẹ̀, ó ń jẹ koríko kiri bí ẹni pé kò sí ohun tí ó so ó. Bí ó bá rìn jìnnà tán ni yóò tó mọ̀ pé òun wà nínú ìdè. Báyìí gan-an ni kúáàkì rí. Láti 1968 ni wọ́n ti ń rí i ní SLAC ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tí ó gùn tó kìlómítà 3 ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu prótọ́ọ̀nù, pé àwọn kóró inú prótọ́ọ̀nù ń ṣe bí ẹni tí ó wà lómìnira. Ní 1973, David Gross àti Frank Wilczek ní Princeton, àti David Politzer ní Harvard, fi ìṣirò hàn ìdí rẹ̀ tí okùn fi ń dẹ̀ nítòsí. Wilczek àti Politzer kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 2004.

Ṣé a kò wá lè fà á títí yóò fi já? Ipá tí ó di kúáàkì mú ju ìwúwo tọ́ọ̀nù 10 lọ. Bí a bá ní ohun tí ó lè fà á bẹ́ẹ̀, okùn náà yóò já lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tí a fi fà á yóò di kúáàkì tuntun àti òdì rẹ̀ lójú ibi tí ó ti já, olúkúlùkù yóò sì rí ẹnì kejì. A fà á kí ó lè dá wà, a bí ẹlòmíràn fún un. Kò sí ẹni tí ó tíì rí kúáàkì kan tí ó dá nìkan rìn.

Àwọ̀ ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Èérún kan wà tí wọ́n rí ní Brookhaven ní 1964, tí wọ́n ń pè ní Òmégà, tí kúáàkì mẹ́ta inú rẹ̀ jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Òfin sì wà pé irú èérún bẹ́ẹ̀ méjì kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga kan náà. Lọ́dún yẹn, Oscar Greenberg dábàá pé ìyàtọ̀ kan tí ó fara sin gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn, oríṣi mẹ́ta ni. Àwọ̀ ni wọ́n wá sọ ìyàtọ̀ náà: pupa, àwọ̀ ewé àti aró. Kì í ṣe àwọ̀ tí ojú ń rí. Àwọ̀ ni ipá líle ń wò kí ó tó di ohun kan mú, bí iná ṣe ń wo pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ gbọ́dọ̀ di funfun, ìyẹn aláìláwọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọ̀ mẹ́ta pàtàkì ni èdè wa ní: funfun, pupa, dúdú. Ó wuni láti fi wọ́n rọ́pò àwọn mẹ́ta yẹn, kí a sì máa yangàn pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. N kò ṣe é. Funfun ni èsì àpapọ̀ wọn, kò lè tún jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àti pé àwọn baba wa kò sọ̀rọ̀ kúáàkì. Kò dín iyì wọn kù.

Àtakò gidi dé láti ẹnu ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ń rẹ àdìrẹ. "Sà, ẹ má bínú o. Bí a bá da aró pọ̀ mọ́ pupa, tí a tún da àwọ̀ ewé sí i, yóò dúdú ni. Kò lè funfun láéláé." Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Olùkọ́ físíìsì mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí ibi tí ojú rẹ̀ ti funfun, ó kán ìkán omi bín-ín-tín kan sí i, ó ní kí ó wò ó dáadáa. Nínú ìkán omi náà ni àwọn ojú kéékèèké pupa, ti ewé àti ti aró ti hàn ketekete. Ìmọ́lẹ̀ kò ṣe bí aró inú ìkòkò. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó ní, "A jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe àwọ̀ aṣọ." Gbólóhùn yẹn wà nínú ìtumọ̀ wa. Òun ni ó ni ín.

Ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àwọn kúáàkì ni wọ́n ń pè ní glúọ́ọ̀nù, láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gọ́ọ̀mù. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti rí ẹ̀rí rẹ̀ ní 1979. Àtè ni mo fẹ́ pè é, àtè tí àwọn ọmọdé abúlé fi ń mú ẹyẹ. Ohun kan ni ó mú mi fara mọ́ ọn ju gọ́ọ̀mù lọ. Ìmọ́lẹ̀, tí ó ń jíṣẹ́ fún iná, kò ní iná lára; ṣùgbọ́n glúọ́ọ̀nù ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ó tún ń lẹ̀ mọ́ glúọ́ọ̀nù mìíràn. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan àtè rí mọ̀ bí ó ṣe ń fà yọ̀ọ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń di okùn láàrin ìka méjì. Okùn ewúrẹ́ tí mo sọ ṣáájú, àtè yìí ni wọ́n fi hun ún.

Ibi tí mo ti dákẹ́ pẹ́ jù nínú gbogbo ìtumọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwúwo. Prótọ́ọ̀nù wọn 938 nínú ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń lò, MeV. Bí a bá da ìwúwo kúáàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀ pọ̀, kò tó 10. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Níbo ni ìyókù ti wá? Láti inú agbára ìsáré àwọn kúáàkì nínú àhámọ́ wọn àti agbára àtè tí ó dì wọ́n mú, nítorí pé agbára pẹ̀lú ní ìwúwo, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti fi hàn ní 1905. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọn kílò 50, nǹkan bí ìdajì kílò péré nínú rẹ̀ ni ìwúwo àwọn kúáàkì fúnra wọn. Gbogbo ìyókù, ìdìmọ́ra ni. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá bí mo ti kọ ọ́, n kò fi àlàyé kún un. Ọmọbìnrin aláàdìrẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ pé.

Ó ku orúkọ àwọn kúáàkì. Oríṣi mẹ́fà ni wọ́n. Òkè àti ìsàlẹ̀ kò fún wa ní wàhálà. Ẹ̀kẹta, tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní ohun àjèjì nítorí pé àwọn èérún tí ó wà nínú wọn ń pẹ́ láyé ju bí a ti retí lọ, a sọ ọ́ ní Àràmàǹdà, láti inú àwọn ọdẹ Fágúnwà. Méjì mìíràn ni Ìdí, tí wọ́n rí ní 1977, àti Téńté, tí wọ́n rí ní Fermilab ní 1995. Téńté fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó odindi átọ́ọ̀mù wúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kúrú débi pé ó ti lọ kí ipá líle tó rí àyè so ó mọ́ ẹnikẹ́ni. Àbíkú ni, àwọn ọmọ wí: kò dúró dé ọjọ́ ìkómọjáde.

Ẹ̀kẹfà ni ó kù. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ojú méjì: ẹwà tí ń fa ojú mọ́ra, àti oògùn ìṣọ́ra tí a fi ń lé ibi sẹ́yìn. Sheldon Glashow, tí ó wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ, mọ ojú méjèèjì. Ní 1970, òun, John Iliopoulos àti Luciano Maiani fi hàn pé bí kúáàkì yìí bá wà, yóò dí ọ̀nà ìyípadà kan tí ìṣirò ń sọ pé ó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó rí i. Ní oṣù kọkànlá 1974, Samuel Ting ní Brookhaven àti Burton Richter ní SLAC rí èérún tí ó jẹ́rìí sí i. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì ní kí a pè é ní Oǹdè, nítorí ohun tí ó dí lọ́nà. Àwọn ọmọbìnrin ní Arẹwà ni. Ìbò mọ́kàndínlógún sí mọ́kàndínlógún ni wọ́n dì. Wọ́n ní kí n dá a. Mo ní olùkọ́ físíìsì ni ó ni kúáàkì. Ó ní Bàbá Yorùbá ni ó ni ọ̀rọ̀.